Wọ́n wọ́gi lé bàálù wa ní Málaga: èló ni wọ́n jẹ wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì (ọmọ ọdún 9 àti 6) ń bọ̀ láti Málaga ní Spain sí pápákọ̀ Stansted lẹ́gbẹ̀ẹ́ London lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ni, £38 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ní àwọn ti wọ́gi lé bàálù náà. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní òun ò mọ nǹkan kan, ká lọ wo áàpù. Áàpù ní ó di Ọjọ́ Àìkú kí àyè tó wà. Mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ mìíràn fún ọjọ́ kejì, £612 fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òtẹ́ẹ̀lì jẹ́ £118, oúnjẹ £54, takisí £36. Nígbà tí mo kọ̀wé sí wọn, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n wá kọ̀wé pé “extraordinary circumstances” (ohun tó kọjá agbára àwọn) ni, wọ́n sì fún wa ní voucher (ìwé tí èèyàn fi ń rajà dípò owó) £40 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n gbà á, kí ọ̀rọ̀ tán? Láti ọwọ́ bàbá ọlọ́mọ méjì, Leeds.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á. Voucher mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kò ju £160 lọ, bẹ́ẹ̀ £2,220 ni òfin fún yín láyè láti béèrè. Ká tiẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà rí ẹ̀rí fi hàn pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjá agbára wọn, £820 nínú owó náà ṣì wà lọ́rùn wọn. Òfin sì sọ ọ́ kedere pé owó gidi ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi san gbà-má-bìínú: owó lọ́wọ́, sọwédowó, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí bánkì. Voucher kò wọ̀ ọ́ àfi bí èrò bá buwọ́ lù ú pé òun fẹ́ ẹ. Torí náà ẹ má tẹ ibi kankan tí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ̀ láti “gbà á”, kí wọ́n má baà sọ lọ́la pé ẹ ti fọwọ́ sí i.

Òfin EU tó ń jẹ́ 261/2004 ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù kejì ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí Britain jáde kúrò nínú EU, ó mú òfin náà dání, ó yí owó Euro inú rẹ̀ sí pọ́n-ùn, òun ni wọ́n ń pè ní UK261. Bàálù tó bá gbéra ní Britain wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni yòówù kó ni bàálù náà. Èyí tó bá ń bọ̀ wá sí Britain wà lábẹ́ rẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ tó ń fò ó bá jẹ́ ti Britain tàbí ti EU. Nítorí pé Spain ni tiyín ti gbéra, òfin EU náà bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Ti Britain ni kí ẹ mú, torí ilé-ẹjọ́ ibí ni ẹ máa lọ bó bá dójú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi kun un, nítorí àwọn tó ń lọ sílé: London sí Èkó wà lábẹ́ òfin yìí kódà bó jẹ́ ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ló ń gbé yín lọ, £520 sì ni gbà-má-bìínú rẹ̀ torí ó ju 3,500 km lọ. Èkó sí London lórí bàálù ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Òfin NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ni kí ẹ gbà lọ níbẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń kó ìtìjú bá èrò bàálù olówó pọ́ọ́kú: wọ́n máa ń rò pé ẹni tó san £38 kò lẹ́nu láti béèrè £350. Irọ́ ni. Òfin yìí kò wo iye tí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá. Bí bàálù ṣe jìn tó àti iye wákàtí tí ẹ pàdánù nìkan ló ń wò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n á kó gbogbo ẹ̀dùn ọkàn wọn pọ̀ sínú íméèlì kan: òṣìṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ sí wọn, ọmọ tó sunkún, owó òtẹ́ẹ̀lì, ìpàdé tí wọn ò bá. Ilé-iṣẹ́ á mú èyí tó rọrùn jù nínú rẹ̀, á tọrọ àforíjì fún ìyẹn, á sì fi voucher dí ìyókù lẹ́nu. Gbèsè mẹ́ta ni wọ́n jẹ yín, ìyá kan náà kọ́ ló bí wọn. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Àkọ́kọ́ ni gbígbé yín délé. Nígbà tí wọ́n bá wọ́gi lé bàálù, ẹ̀yin lẹ máa yàn: kí wọ́n dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà láàárín ọjọ́ 7, tàbí kí wọ́n fi bàálù mìíràn gbé yín lọ ní àkókò tó bá yá jù lọ, ní ipò tó jọ ti àkọ́kọ́. CAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ní Britain, ti sọ pé bí bàálù ilé-iṣẹ́ mìíràn bá wà tó máa tètè lọ gan-an ju tiwọn lọ, kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ fún èrò. “Ó di Ọjọ́ Àìkú” kò tó gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn nígbà tí àyè wà lọ́jọ́ Ẹtì. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé àyè wà. Ní oṣù keje ọdún 2023, CAA fi òfin mú ilé-iṣẹ́ bàálù Wizz Air lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí wọ́n padà lọ yẹ àwọn owó tí wọ́n ti kọ̀ láti san wò.

Ẹ ò sọ pé ẹ tẹ “refund” (dá owó mi padà) nínú áàpù. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, ẹ kú oríire, torí pàkúté tó tóbi jù nìyẹn. Bọ́tìnnì yẹn ló máa ń wà lókè, òun ló máa ń tàn yòò, èèyàn á sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí ẹ bá ti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, iṣẹ́ wọn láti gbé yín délé parí, òtẹ́ẹ̀lì náà sì parí láti ìgbà yẹn. £38 wọn á padà, £612 á wà lọ́rùn yín. (Gbà-má-bìínú kò bá a lọ o, ìyẹn ṣì wà.) Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ ṣì lè jà, bó bá ní àwòrán ojú áàpù tó fi hàn pé wọn ò fún òun ní yíyàn gidi, pé bàálù ọjọ́ mẹ́ta sí i tàbí refund nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà tó le ni. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ béèrè £612 lódindi, kí ẹ má sì béèrè owó tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ àtijọ́ mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni.

Gbèsè kejì ni ìtọ́jú: oúnjẹ àti ohun mímu, òtẹ́ẹ̀lì bí ilẹ̀ bá máa mọ́ bá yín níbẹ̀, ọkọ̀ láti pápákọ̀ dé òtẹ́ẹ̀lì àti àbọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìpè fóònù tàbí íméèlì méjì. Ní ti ìdádúró lásán tí wọn ò wọ́gi lé, ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 2 fún ìrìnàjò tí kò ju 1,500 km lọ, wákàtí 3 títí dé 3,500 km, wákàtí 4 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú kò ní àwáwí. Nígbà tí eérú òkè ayọnáyèéfín Iceland dá ojú òfurufú dúró ní 2010, obìnrin kan ní Ireland gbé Ryanair lọ sílé-ẹjọ́ lórí owó òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ rẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga EU sì dájọ́ ní 2013 pé bí ojú ọ̀run tiẹ̀ ya, kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú èrò rẹ̀. Ìdí nìyí tí £208 tiyín (118, 54 àti 36) kò fi ní í ṣe pẹ̀lú “extraordinary circumstances” wọn rárá. Òfin kò dá iye kan sọ. Ó kàn ní láti jẹ́ ìnáwó ọmọlúàbí, rìsíìtì sì gbọ́dọ̀ wà. Yàrá £118 fún ẹni mẹ́rin kò pọ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Bí ọtí bá wà nínú rìsíìtì oúnjẹ, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí wọn ò ní í san án, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n fi ojú ẹni tó fẹ́ jẹ̀fà wo ìyókù.

Ẹ̀kẹta ni gbà-má-bìínú, òun sì ni ìjà máa ń wà lé lórí. £220 ni fún 1,500 km sísàlẹ̀, £350 láti 1,500 dé 3,500, £520 lókè rẹ̀. Málaga sí Stansted lé ní 1,600 km, nítorí náà £350 ni. Ọmọdé tí ẹ san owó ìjókòó fún kò yàtọ̀ sí àgbà: £350 lọ́nà mẹ́rin, £1,400. Bí wọ́n bá ti sọ fún yín ní ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìrìnàjò, kò sí èyí. Fún bàálù tó kàn pẹ́, wákàtí 3 ni, wọ́n sì ń ka àkókò náà dé ìgbà tí ilẹ̀kùn bàálù bá ṣí, kì í ṣe ìgbà tí táyà fara kan ilẹ̀. Ilé-ẹjọ́ EU ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 2014. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí bàálù fi ń rìn lọ síbi ìgúnlẹ̀ ti sọ 2:55 di 3:05 fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ máa ya àwòrán aago fóònù yín nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí.

Kí wá ni “extraordinary circumstances”? Ohun tó ti ìta wá, tí kò sí nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù, tí wọn ò sì lè yẹra fún bí wọ́n tilẹ̀ ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ìjì líle, pápákọ̀ tí wọ́n tì, ìyanṣẹ́lódì àwọn tó ń darí ojú òfurufú, ẹyẹ tó kọlu ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ ààbò: gbogbo ìwọ̀nyí lè wọlé. Ẹ̀yà ara bàálù tó bàjẹ́ kì í sábà wọlé. Ilé-ẹjọ́ EU ti sọ ọ́ ní 2008, ilé-ẹjọ́ ibí tún un sọ ní 2014 nínú ẹjọ́ èrò kan tó ń jẹ́ Huzar àti ilé-iṣẹ́ bàálù Jet2. Ìyanṣẹ́lódì òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn kò wọlé bó bá jẹ́ pé ìpinnu ọ̀gá wọn ló bí i, ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù TUIfly ti 2018 nìyẹn. Awakọ̀ tó ṣàìsàn kò wọlé: ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Britain parí ìyẹn ní oṣù keje ọdún 2024. Ọrùn ilé-iṣẹ́ sì ni ẹ̀rí wà, kì í ṣe ọrùn yín. Íméèlì tó kàn kọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn tí kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀, kò tíì dáhùn nǹkan kan.

Ó dára kí ẹ mọ bí ọjọ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú ṣe ń lọ, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ máa tẹ̀. Bàálù kan náà lè lọ, kó bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ dé alẹ́, pẹ̀lú ìṣẹ́jú bíi 25 péré nílẹ̀ láàárín. Ibẹ̀ ni owó pọ́ọ́kú yẹn ti wá. Bí wákàtí méjì bá sọnù láàárọ̀, kò síbi tí wọ́n ti fẹ́ rí i gbà padà, á máa ṣẹ́ jọ títí di alẹ́. Àwọn awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ inú bàálù ní iye wákàtí tí òfin ààbò gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́ lójúmọ́, bí ó bá sì ti fẹ́ pé, wọn ò gbọdọ̀ fò mọ́. Àwọn arọ́pò wọn, bí wọ́n bá wà, sábà máa ń wà ní ibùdó tí bàálù náà ti gbéra láàárọ̀, ìyẹn sì lè máà jẹ́ Málaga. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bàálù tó gbẹ̀yìn lálẹ́ ni wọ́n sábà ń wọ́gi lé. “Wákàtí òṣìṣẹ́ ti pé” kì í ṣe ìdí nínú ara rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó jẹ́ kó pé. Bó bá jẹ́ ìdádúró ojú òfurufú láàárọ̀ lórí bàálù kan náà, wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ so àárọ̀ mọ́ alẹ́ tààrà, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ṣe láti tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ló dá wọn dúró lówùúrọ̀, wọ́n jẹ yín.

Ẹ lè wádìí rẹ̀ fúnra yín. Ẹ wá nọ́ńbà bàálù náà lórí Flightradar24, ojú òpó tó ń tọpa bàálù, ẹ wo bàálù tí wọ́n yàn fún un àti ibi tó ti lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò sanwó kì í rí ju ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn lọ, ẹ lè ní láti san ti oṣù kan. Ẹ wo bóyá àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fò láti Málaga sí London láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́ yẹn. Bí mẹ́fà bá fò tí tiyín nìkan kò fò, ìjì wo ló mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo? Àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní METAR, wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì: LEMG ni àmì Málaga, EGSS ni ti Stansted.

Ní ti ọmọbìnrin orí káńtà, ẹ dárí jì í. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, àwọn tó dúró síbẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bàálù rárá, ilé-iṣẹ́ alágbàṣe ló gbà wọ́n, lára iṣẹ́ bàálù márùn-ún mẹ́fà tí wọ́n ń ṣe. Wọn ò láṣẹ lórí kọ́bọ̀. Ohun méjì péré ló yẹ kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn: ìwé tó sọ ẹ̀tọ́ èrò, èyí tí òfin ní kí wọ́n fún yín, àti ìdí tí wọ́n wọ́gi lé e lẹ́nu wọn. Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ìdí tí wọ́n bá sọ ní káńtà àti èyí tó máa wà nínú íméèlì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í sábà jọra, ìyàtọ̀ yẹn sì dùn láti kà níwájú adájọ́.

Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ní ẹrù mìíràn lálẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí físà Schengen yín bá fẹ́ parí lóru yẹn, ẹ má ṣe kúrò ní pápákọ̀ láìsọ fún ọlọ́pàá ibodè. Òfin físà wọn fàyè gba àfikún ọjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ohun tó kọjá agbára èèyàn bá dá a dúró, ẹ fi ìwé tó ní wọ́n wọ́gi lé bàálù hàn wọ́n. Ẹ má gba ọ̀nà Dublin láì wádìí, torí Ireland kò sí nínú Schengen, físà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Bí òṣìṣẹ́ kan ní ẹnu ọ̀nà bá sì sọ pé òun ò rí káàdì ìgbélùú yín, nígbà tó jẹ́ pé eVisa (físà orí íntánẹ́ẹ̀tì) ni ẹ ní báyìí, ẹ ní kó pe ilé-iṣẹ́ ìrànwọ́ tí Home Office Britain là sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ yín sílẹ̀ láìtọ́ pẹ̀lú ìwé tó pé, ìyẹn náà ní gbà-má-bìínú tirẹ̀.

Ó ku ìwé tí ẹ máa kọ. Ojú ewé kan tó. Lókè: nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà bàálù, ọjọ́, orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ìlà mẹ́ta pẹ̀lú owó mẹ́ta: £612, £208, £1,400. Kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò gba voucher. Kí ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, aago tó ṣẹlẹ̀ àti bàálù tó ṣẹlẹ̀ sí. Kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ 14, kí ẹ sì sọ pé lẹ́yìn rẹ̀ ilé-ẹjọ́ ni. Ìbínú kò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì ya àwòrán ojú ìwé tó ní àwọn ti gbà á. Ẹ má gbé e fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba irú owó yìí, torí ìdámẹ́rin ni wọ́n sábà ń mú, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, lórí fọ́ọ̀mù tí kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wà lábẹ́ àjọ onílàjà, ẹ lè gbé e lọ síbẹ̀ bí wọ́n bá ti kọ̀ jálẹ̀ tàbí tí ọ̀sẹ̀ 8 bá ti kọjá. Ó rọrùn, ó sì lọ́ra. Ní tèmi, fún ọ̀rọ̀ tó mọ́ báyìí, Money Claim Online, ọ̀nà tí ilé-ẹjọ́ là sílẹ̀ láti pe ẹjọ́ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yá jù. £115 ni wọ́n ń gbà fún ẹjọ́ láàárín £1,500 àti £3,000, ẹ fi kún owó tí ẹ ń béèrè, pẹ̀lú èlé 8% lọ́dún tí òfin gbà. Ẹ ṣọ́ orúkọ ẹni tí ẹ ń pè lẹ́jọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń ní ẹ̀ka méjì mẹ́ta tó ń kun ọ̀dà kan náà: bí nọ́ńbà bàálù bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W6, Wizz Air ti Hungary ni, bó bá jẹ́ W9, ti Britain ni. Ẹ̀ka tó ni bàálù tí ẹ fẹ́ wọ̀ ló jẹ yín, àdírẹ́sì tí ẹ sì máa kọ gbọ́dọ̀ wà ní England tàbí Wales. Ọdún 6 ni òfin fún yín láti pẹjọ́, ọdún 5 fún àwọn tó wà ní Scotland, nítorí náà kò sí ìkánjú tó fi yẹ kí ẹ gba £160.

Ọjọ́ 5 lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ ẹjọ́ náà jáde ni wọ́n kà á sí pé ó ti dé ọwọ́ wọn. Wọ́n ní ọjọ́ 14 láti dáhùn, 28 bí wọ́n bá kọ̀wé pé àwọn ti rí i. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ wọlé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ béèrè ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á kọ̀wé láàárín ọjọ́ yẹn pé àwọn fẹ́ san £1,400, kí ẹ jọ̀wọ́ fa ẹjọ́ náà padà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó dáhùn bóyá £820 ìyókù àti £115 ilé-ẹjọ́ wà nínú rẹ̀.